Láti Àmátọ̀ dé Akọṣẹ́mọṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Lára Ìrìn Muhammad Ali

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fojú sí, pàápàá ní àdúgbò tí iṣẹ́ mìíràn ti ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ náà ni ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. A kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyẹn yóò wá olùkọ́ lọ. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni afárá kan ṣoṣo nínú ayé abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, ìyẹn ọjọ́ tí ó kúrò ní àmátọ̀ tí ó bọ́ sí ipò akọṣẹ́mọṣẹ́. Ẹni tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Muhammad Ali.

Ó ṣòro kí á tó rí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí kò gbọ́ orúkọ yìí rí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé báwo ni ọkùnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ó gba góòlù ní Róòmù, ó na Sonny Liston, ó parí. Àfi bí ẹni pé ó sùn ní ọmọdé, ó jí ní ọba. Bẹ́ẹ̀, láàárín góòlù yẹn àti ìjà owó rẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ 54 ni ó wà níbẹ̀. Láàárín ìjà owó àkọ́kọ́ náà àti Liston, ó lé ní ọdún mẹ́ta. Inú irú ọjọ́ 54 bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ti ń ta ara wọn láìmọ̀.

OHUN TÍ Ó YÀTỌ̀ NÍNÚ MÉJÈÈJÌ

Àmátọ̀ ni ẹni tí ń kànṣẹ́ láìgba owó iṣẹ́. Ife ẹ̀yẹ ni ó ń wá, tàbí orúkọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Ní ayé ìgbà tí a ń sọ yìí, ráùǹdù mẹ́ta ni ìjà àmátọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta sì ni ráùǹdù kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó tán. Síńgílẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn wọn. Ẹ̀ṣẹ́ tí ó gbé ènìyàn ṣubú kò ní máàkì ju ẹ̀ṣẹ́ mìíràn tí ó bá ọ̀gangan lọ.

Bí ó bá di akọṣẹ́mọṣẹ́, yóò bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. Ìjà di ráùǹdù 4, 6, 8 tàbí 10. Ìjà adé, ráùǹdù 15 ni nígbà náà, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú 45. Ìgbà tí ọmọ Kòríà kan, Duk Koo Kim, kú lẹ́yìn ìjà adé ní oṣù kọkànlá ọdún 1982 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù sí 12. Ẹ wo ẹni tí ń sá eré 100 mítà àti ẹni tí ń sá eré máìlì kan, wọn kì í mí bákan náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó dára púpọ̀ nínú ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kò mọ ohun tí ara rẹ̀ yóò sọ ní ìṣẹ́jú ogún.

Èyí ni ojú ń rí. Èyí tí ojú kì í tètè rí ni pé nínú ìdíje àmátọ̀, ìbò tí wọ́n ṣẹ́ ni ó ń sọ ẹni tí o máa bá jà. Ní ìdí owó, ènìyàn ni ó ń yan ọ̀tá fún ọ, ẹni yẹn sì ní ìdí tí ó fi ń yàn án. Àmátọ̀ ní olùkọ́. Akọṣẹ́mọṣẹ́ ní olùkọ́, ó ní máníjà, ó ní pùròmótà tí ń gbé ìjà kalẹ̀, ó ní lọ́yà, gbogbo wọn ni yóò sì jẹ nínú owó kan náà. Orí kan ṣoṣo ni yóò gba ẹ̀ṣẹ́ fún gbogbo wọn.

ỌDÚN MẸ́FÀ NÍDÌÍ Ẹ̀KỌ́

Cassius Marcellus Clay ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n bí i ní ìlú Louisville, ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1942. Bàbá rẹ̀ a máa kun pátákó ìpolówó ọjà fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ a máa bá àwọn aláwọ̀ funfun ṣe iṣẹ́ ilé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1954, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, olè jí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń lérí pé òun yóò na olè náà bí ọwọ́ òun bá tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Joe Martin, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn nínú ilé kan náà, sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ kọ́ ìjà ná kí ó tó máa lérí. Gbogbo ayé ni ó mọ ìtàn kẹ̀kẹ́ yìí, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà tí ó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò. Ọmọ náà kò gba ọwọ́ olùkọ́ kan ṣoṣo. Ó ń lọ sọ́dọ̀ Martin, ó sì tún ń lọ sọ́dọ̀ Fred Stoner, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú kan ní ìlú náà. Ìjà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmátọ̀ lé ní 100. Ó gba ife Golden Gloves ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 1959 àti 1960. Ó sì pàdánù pẹ̀lú. Ní ọdún 1959, nígbà tí wọ́n ń yan àwọn tí yóò lọ ìdíje Pan American, ọmọ ogun orí omi kan tí ń jẹ́ Amos Johnson na án. Ọlọ́wọ́ òsì ni Johnson nínú ìjà, Clay kò sì rí ojútùú rẹ̀.

Ẹ fi ọkàn sí ibí yìí. Ní ipò àmátọ̀, ẹni tí ó pàdánù lónìí yóò tún forúkọ sílẹ̀ lọ́la. Kò sí ẹni tí yóò dín owó rẹ̀ kù, nítorí kò sí owó kankan níbẹ̀. Ní ìdí owó, ìpàdánù kan lè gbé iye tí wọ́n ń pè ọ́ wálẹ̀ fún ọdún méjì. Ibi tí ènìyàn ti lè ṣe àṣìṣe tí kò ní wọ́n ọn jù ni ipò àmátọ̀. Ẹni tí ó bá sá kúrò níbẹ̀ nítorí ìkánjú, iwájú àwọn tí wọ́n sanwó wá wòran ni yóò ti kọ́ ohun tí kò kọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, Clay dúró nínú ìjà àṣekágbá ìdíje Òlíńpíìkì ní Róòmù. Ẹni tí ó kojú rẹ̀ ni Zbigniew Pietrzykowski, ọmọ Pólàǹdì, tí ó ti gba idẹ ní Òlíńpíìkì ọdún 1956. Ọwọ́ òsì ni òun náà fi ń jà. Ráùǹdù àkọ́kọ́ kò rọrùn rárá fún ọmọ Louisville. Ṣùgbọ́n ní ráùǹdù kẹta ó ti rí ọ̀nà, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ rọ̀jò, adájọ́ márààrún sì fún un ní ìjà náà. Ọmọ ọdún 18 ni. (Ìtàn tí wọ́n ń sọ pé ó ju góòlù náà sínú odò Ohio nítorí ìbínú, ẹ má fi gbogbo ara gbé e. Àwọn tí ó sún mọ́ ọn sọ pé ńṣe ni ó sọnù. Ní Atlanta ní ọdún 1996 ni wọ́n fún un ní òmíràn.)

ÌWÉ TÍ WỌ́N GBÉ WÁ

Bí ọmọ náà ṣe padà sílé ni àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọmọdé ni lójú òfin ìgbà náà, nítorí kò tíì pé ọdún 21, àwọn òbí rẹ̀ ní láti lọ́wọ́ sí ohun tí ó bá fẹ́ fọwọ́ sí. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá wá láti ọwọ́ ọmọ ìdílé olówó kan ní ìlú náà. Wọn kò gbà á. Ẹ rántí pé ilé tí kò ní nǹkan ni wọ́n ti kọ owó náà. Ìyẹn nìkan tó ẹ̀kọ́.

Ẹni tí ó ń ka ìwé fún wọn ni Alberta Jones, lọ́yà obìnrin, aláwọ̀ dúdú, ọmọ ìlú Louisville kan náà. Ó wà lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n yege ìdánwò lọ́yà ní Kentucky. Àwọn arábìnrin wa tí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kò kan àwọn, ẹ rí i bí ó ti kàn yín. Nígbà tí gbogbo ọkùnrin ìlú ń wo ẹ̀ṣẹ́ ọmọ náà, obìnrin kan ń wo lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ìwé.

Ìwé tí wọ́n gbà nígbẹ̀yìn wá láti ọwọ́ oníṣòwò 11, gbogbo wọn aláwọ̀ funfun, tí wọ́n kóra jọ tí wọ́n sì pe ara wọn ní Louisville Sponsoring Group. Ọdún mẹ́fà ni àdéhùn náà. Wọ́n san 10,000 dọ́là lọ́wọ́ kan fún un nígbà tí ó fọwọ́ sí i. Wọ́n ṣèlérí iye kan pàtó fún un lọ́dọọdún, ó jà tàbí kò jà. Gbogbo ìnáwó ìgbáradì, oúnjẹ, ilé, owó ọkọ̀ àti owó olùkọ́ wà lọ́rùn wọn. Ohun tí ó bá wọlé, wọn yóò pín in ní ìdajì-ìdajì. Jones sì dúró gbọn-in lórí kókó kan: kí wọ́n máa yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, àní òun fúnra rẹ̀, títí yóò fi pé ọmọ ọdún 35 tàbí títí yóò fi fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sílẹ̀.

Ṣé ìdajì kò pọ̀ jù? Ó pọ̀. A kò gbà pé ẹni tí ó jókòó lórí àga ní ẹ̀tọ́ sí iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ń gbá lójú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Sonny Liston kí ẹ tó dájọ́. Inú ẹ̀wọ̀n ni Liston ti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ó gba Golden Gloves ní ọdún 1953, ó sì bọ́ sí ìdí owó lọ́dún kan náà. Àwọn tí wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni Frankie Carbo àti Blinky Palermo, àwọn ọ̀gá ọ̀daràn tí wọ́n di iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn mú lọ́rùn ní Amẹ́ríkà títí tí ilé ẹjọ́ fi rán wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀ṣẹ́ Liston le ju ti Clay lọ. Ìwé rẹ̀ ni kò dára. Nígbà tí Liston gba adé ayé ní ọdún 1962, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó ti wà nínú àpò rẹ̀ kí ọwọ́ tirẹ̀ tó débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Kùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé mọ̀ pé ẹsẹ tí ó gùn jùlọ nínú rẹ̀ wà nínú Súrà Bákárà. Kì í ṣe lórí ìrun, kì í ṣe lórí ààwẹ̀. Lórí gbèsè kíkọ sílẹ̀ ni, lórí akọ̀wé tí yóò ṣe déédéé àti ẹlẹ́rìí. Ẹsẹ náà tún dárúkọ ẹni tí kò lágbára láti sọ ohun tí wọn yóò kọ fúnra rẹ̀, ó ní kí alágbàtọ́ rẹ̀ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú òdodo. Ọmọ ọdún 18 tí góòlù ń pa bí ọtí, ó wọ inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, yálà ti ẹ̀ṣẹ́ tàbí ti bọ́ọ̀lù, kí ó béèrè pé ọdún mélòó ni, àti pé ta ni yóò sanwó dókítà bí òun bá ṣèṣe. Kí ó béèrè bóyá kí wọ́n tó pín owó ni wọ́n máa yọ ìnáwó tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín in, nítorí ibẹ̀ ni owó ti máa ń yọ́. Kí ó béèrè bóyá máníjà òun àti pùròmótà kì í ṣe ẹnì kan náà tí ó wọ fìlà méjì. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000 nítorí èyí. Orúkọ Muhammad Ali gan-an ni wọ́n fi pe òfin náà. Ó ní máníjà kò gbọdọ̀ ní ìpín nínú èrè pùròmótà, àti pé pùròmótà gbọ́dọ̀ fi iye tí òun rí nídìí ìjà han ẹni tí ó ja ìjà náà. Òfin Amẹ́ríkà ni. Kò dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ní kí á má béèrè ohun tí ó béèrè.

TA NI YÓÒ BÁ JÀ?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1960, Clay ja ìjà owó rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Louisville. Tunney Hunsaker ni wọ́n mú wá fún un, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú kékeré kan ní West Virginia. Ráùǹdù mẹ́fà ni wọ́n fi sí, wọ́n sì jà á parí, Clay borí. 2,000 dọ́là ni ó gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ Archie Moore ní California, àgbà akànṣẹ́ tí ó ṣì ń jà. Moore fẹ́ kí ó gbálẹ̀, kí ó fọ abọ́ bí gbogbo ọmọ iṣẹ́, ó sì fẹ́ yí ọ̀nà ìjà rẹ̀ padà. Ọmọ náà kò gbà, ó padà sílé. Bí a bá ní kí á bá a wí lórí ti abọ́, a ó bá a wí, nítorí ọmọ tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ níbikíbi mọ̀ pé ìgbálẹ̀ wà lára ẹ̀kọ́. Lórí ti ọ̀nà ìjà, ó jàre. Angelo Dundee ní Miami ni ó bá a mu. Dundee kì í sọ pé má ṣe báyìí. Bí ó bá fẹ́ kí ọmọ náà máa ju ẹ̀ṣẹ́ kan, yóò yìn ín pé ó jù ú dáadáa, nígbà tí kò tíì jù ú rárá. Lọ́la, yóò jù ú.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù náà lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Ó di ìjà rẹ̀ keje, ní oṣù kẹfà ọdún 1961, kí ó tó ja ráùǹdù 10 pé. Wọ́n fún un ní ẹni tí ó ga, wọ́n fún un ní ẹni tí ó gbọ́n, wọ́n fún un ní ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ wúwo. Ní oṣù kejì ọdún 1962, Sonny Banks gbé e ṣubú ní ráùǹdù àkọ́kọ́ ní New York. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbé e ṣubú ní ìdí owó. Ó dìde, ó sì dá Banks dúró ní ráùǹdù kẹrin. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó na Archie Moore, olùkọ́ àná. Ní oṣù kẹta ọdún 1963, Doug Jones fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, Henry Cooper gbé e ṣubú ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó borí.

Ìjà 19 ló jà, ó sì borí nínú gbogbo rẹ̀ kí ó tó kan Liston ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1964. Àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́ fi meje sí ọ̀kan pé Liston ni yóò borí. Nígbà tí agogo ráùǹdù keje lù, Liston kò dìde lórí àpótí rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í pe Clay ní Muhammad Ali. Ẹgbẹ́ Nation of Islam ti Elijah Muhammad ni ó kọ́kọ́ wọ̀. Lẹ́yìn ọdún 1975 ni ó bọ́ sínú ẹ̀sìn Islam bí gbogbo Mùsùlùmí àgbáyé ṣe ń ṣe é. Lọ́dún 1964 yẹn kan náà ni ó ṣèbẹ̀wò sí Nàìjíríà.

Ọ̀RỌ̀ ORÍ

Títí dé ibí yìí, ìtàn náà dùn. Ìwé dára, olùkọ́ dára, wọ́n gbé ẹrù lé e lórí bí ọrùn rẹ̀ ṣe ń gbà á. Ó yẹ kí a wo àwọn tí ó dúró ní ìhà kejì pẹ̀lú.

Hunsaker, ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn, ja ìjà kan ní ọdún 1962 tí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò mọ ibi tí ó wà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọpọlọ. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò jà mọ́. Alejandro Lavorante, ọmọ Argentina, Archie Moore na án ní oṣù kẹta ọdún 1962, Clay na án ní oṣù keje, wọ́n sì tún tì í sójú ìjà ní oṣù kẹsàn-án. Láti ọjọ́ náà, kò ta pútú mọ́ títí tí ó fi kú ní oṣù kẹrin ọdún 1964. Ta ni ó fọwọ́ sí i pé kí ọkùnrin tí wọ́n nà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tún padà lọ láàárín oṣù mẹ́fà? Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó jókòó yan ọjọ́. Sonny Banks, tí ó gbé Clay ṣubú, kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1965, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n gbá a lulẹ̀ ní Philadelphia. Mẹ́ta nìyí nínú àwọn 19 yẹn. Kò sí èyí tí ó kú ní ọwọ́ Clay, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni.

Góòlù kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ed Sanders gba góòlù Òlíńpíìkì ní Helsinki ní ọdún 1952, òun ni ó lágbára jù ní ayé nínú àwọn àmátọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1954 ni ó bọ́ sí ìdí owó. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó ṣubú lójú ìjà ní Boston, ó sì kú.

Ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀sìn lórí èyí. Hádíìsì tí ó fìdí múlẹ̀ wà pé ẹni tí ó bá ń jà, kí ó yẹra fún ojú. Ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Islam tí ó wà lábẹ́ Ràbítà ní Mẹ́kà jókòó lórí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní, wọ́n sì sọ pé kò tọ́. Ìdí tí wọ́n mú wá ni ìpalára. Wọ́n ní eré tí ó fún ẹnì kìíní ní àyè láti fọ́ ẹnì kejì lójú, láti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ tàbí láti pa á, kò sí àríwísí òfin fún ẹni tí ó ṣe é, irú eré bẹ́ẹ̀ kò ní ibùjókòó nínú ẹ̀sìn wa. Ẹni tí ń fo okùn, tí ń gbá àpò iyanrìn, tí ń sáré ní òwúrọ̀, kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá wí. Lójú tiwa, bí ìdí òfin náà bá jẹ́ ìpalára, a jẹ́ pé afárá tí a ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó lásán. Láti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ sí 45, láti ìjà tí wọ́n ń ka máàkì lọ sí èyí tí wọ́n ń sanwó kí ènìyàn ṣubú, ìpalára ni ó ń pọ̀ sí i. Ọ̀dọ́ tí ó bá dúró ní ẹsẹ̀ afárá yìí, kí ó bá àlùfáà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó bá máníjà sọ̀rọ̀.

Àwa náà ní tiwa. Nojim Maiyegun, ọmọ Èkó, ni ó gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, idẹ, ní Tokyo ní ọdún 1964. Ó di akọṣẹ́mọṣẹ́ ní ilẹ̀ Austria. Nígbà tí ó yá, ojú rẹ̀ fọ́. Ìlú Vienna níbẹ̀ ni ó wà títí tí ó fi kú ní ọdún 2024, ọ̀nà jíjìn sí Èkó tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ali fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àdéhùn ọdún mẹ́fà yẹn parí ní ọdún 1966, Herbert Muhammad sì di máníjà rẹ̀. Wọ́n gba adé lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1967 nítorí pé ó kọ̀ láti lọ sójú ogun Vietnam. Ó padà wá ní ọdún 1970, ó sì tún gba adé náà. Ìyẹn ìtàn mìíràn ni. Ọdún tí a fẹ́ kí ẹ wò ni 1977. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, Ali pé ọmọ ọdún 35, ọjọ́ orí tí Alberta Jones ti kọ sínú ìwé láti ọdún 1960 gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ọmọ náà yóò nílò owó mìíràn láti fi jẹun. Ní oṣù kẹsàn-án, ó ja ráùǹdù 15 pẹ̀lú Earnie Shavers, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀ṣẹ́ wọn wúwo jùlọ ní ayé. Ó borí, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ tí ó gbà kò kéré. Dókítà rẹ̀, Ferdie Pacheco, ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọn kò gbọ́. Pacheco sì kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ìjà mẹ́rin ni ó tún jà lẹ́yìn ìyẹn, ó pàdánù mẹ́ta nínú rẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn wáyé ní oṣù kejìlá ọdún 1981 ní Nassau, ìjà kọkànlélọ́gọ́ta rẹ̀ ní ìdí owó. Àríyànjiyàn wà láàárín àwọn dókítà lórí bóyá ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni ó fa àrùn Parkinson tí ó mú un. Ní ọdún 1984 ni wọ́n dárúkọ àrùn náà fún un, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ sì ti ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọdún 42 ni.